Ẹ̀rín Tí Ìyá Àgbà Kò Rín

Ojú ewé mẹ́rìnlélógún ni ìwé ètò ìsìnkú Ìyá Àgbà. Mo kà á láti èèpo dé èèpo. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í pa ìsìn jẹ, pé ó ránṣọ títí ojú fi kọ̀ ọ́, pé ó bí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn sì kàwé. Fọ́tò rẹ̀ kún inú ìwé náà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn ló ti pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹ́rìí ní kóòtù. Kò sí ìlà kan ṣoṣo tó sọ pé obìnrin yìí rẹ́rìn-ín rí láyé. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú sì tún ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Nígbà kan, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó tí ẹ̀rín ìyá mi àgbà kì í dún níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ènìyàn ló ń rín in. Ẹ̀rọ ni wọ́n pè é.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú náà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bùọ̀dá Pírínsípà nítorí iṣẹ́ tó ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ló fi bírò pupa fa ìlà lé e lórí, bí ẹni ń máàkì ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé kí àlùfáà dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kó máa kà á pé ìyá wa máa ń lọ jókòó síbì kan láti rẹ́rìn-ín? Iṣẹ́ wo nìyẹn?"

Iṣẹ́ wo nìyẹn! Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

Eré kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Ilé Oníkọ́kọ́rọ́. Ó dá lé onílé ahun kan tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí jìngbìnnì, tó ń ti kànga mọ́ àwọn ayálégbé, tó ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó tilẹ̀ ń ti ilé adìyẹ kí adìyẹ má baà yé ẹyin sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọkùnrin tó ń ṣe Oníkọ́kọ́rọ́ ga lọ sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Obìnrin kúkúrú kan, ọmọ Èkìtì, tí a ń pè ní Ìyá Bísí, ló ń ṣe ìyàwó rẹ̀. Ìyá Bísí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú eré. Á kàn wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, á mí kanlẹ̀, á wá dúró. Ó mọ̀ pé ẹ̀rín ń bọ̀, ó sì ń dúró dè é ni, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tó mọ̀ pé onílé wà nínú ilé. Ẹ má sọ ti àwọn apanilẹ́rìn-ín òde òní fún mi, àwọn tó ń ya ojú sọ́tùn-ún sósì, tó ń fi pátákó gbá ara wọn lórí. Ìyá Bísí kì í gbé ìka sókè, ẹ̀rín á sì ti gbé ìyá mi ṣubú níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Iṣẹ́ aṣọ ló gbé Ìyá Àgbà dé ilé tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń ṣe eré náà. Ọmọ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló gbé títí ó fi darúgbó, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé tẹlifíṣọ̀n náà. N kò ní dárúkọ ilé tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún, nítorí n kò lówó lọ́yà. Lọ́jọ́ kan, ṣòkòtò Oníkọ́kọ́rọ́ ya níbi tí kò dára kí ṣòkòtò ya sí, wọ́n sì sáré wá pe Ìyá Àgbà. Ó rán an tán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn láti sinmi. Wọn kì í tan fáànù níbẹ̀ nítorí ariwo, gbogbo èèyàn ń làágùn. Oníkọ́kọ́rọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń darí eré pariwo pé ta ló ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ìyá Àgbà ti ń ṣa abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀ nílẹ̀ kó máa sá lọ nígbà tí wọ́n yí téèpù padà, tí wọ́n tún un gbọ́. Eré tí kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dùn. Ọ̀gá náà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó padà."

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́sàn-án, tó ń lọ. Wọ́n kó ènìyàn bíi mẹ́wàá mìíràn tì í lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo wọn ń wò. Màmá Bẹ́ǹṣì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Mọ́líìtì tútù kan àti búrẹ́dì ni wọ́n ń fún un. Bí eré bá parí ní Sátidé, wọ́n á máa to orúkọ: orúkọ òṣèré, orúkọ dírẹ́bà, orúkọ ẹni tó yá wọn ní àga aláwọ̀ pupa. Mo mọ̀ ọ́n kà nígbà yẹn, mo sì ń wá orúkọ ìyá mi àgbà títí ojú fi ń ro mí. Wọ́n kọ ti àga, wọn ò kọ tirẹ̀! Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ọma mi, ṣé o ti rí iyọ̀ tó kọ orúkọ sára ọbẹ̀ rí?" Òun kò bínú. Èmi ni mo bínú nítorí rẹ̀.

Ọ̀gá eré ní aṣọ ìnujú funfun kan. Bó bá jù ú sókè, kí àwọn ará bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ìyá Àgbà kò wo aṣọ náà rí. Bí ọ̀rọ̀ kò bá pa á lẹ́rìn-ín, ì báà ju aṣọ ìnujú náà mọ́ àjà, ojú lásán ló máa fi wò ó, Oníkọ́kọ́rọ́ á sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Àwọn òṣèré wá ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ wọn fún un bí ẹni ń jẹ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún èyí tí kò bá tíì dára tó: "Ẹ gbé e padà síná. Kò tíì jinná."

Ẹ̀rín rẹ̀ sì ní ìrù. Kò lè rẹ́rìn-ín kó má bá ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín wí. Bí Oníkọ́kọ́rọ́ bá yọ ẹran nínú ìkòkò ayálégbé, Ìyá Àgbà á rín, á rín, á wá fi "Gbé e sílẹ̀, ọ̀kánjúwà!" parí rẹ̀. Iṣẹ́ Bàbá Dúpẹ́, tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ni láti gé ìrù yẹn kúrò kí eré tó jáde. Bàbá Dúpẹ́ kì í sì í sábà gé e tán.

Nílé wa, òfin wà bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í dìde lọ mu omi, àlejò kì í sọ ohun tó ń bọ̀ níwájú. Bí iná bá lọ láàárín eré, tó sì máa ń lọ dáadáa, Ìyá Àgbà ló máa parí ìyókù fún wa nítorí ó ti wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Á ga bí Oníkọ́kọ́rọ́, á kúrú bí Ìyá Bísí. Kó tó kú, nígbà tó ti padà sí ilé wọn ní Oǹdó, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù wá fún un kó wo eré kéékèèké tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe. Ọmọkùnrin kan ṣubú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní, "Àwọn wo ló ń rín in?" Wọ́n ní ẹ̀rọ ni, wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ó dá fóònù padà fún wọn. Ó ní, "Èmi mọ ohun tí lílẹ̀ ẹ̀rín ń ṣe."

Ó mọ̀ ọ́n, lóòótọ́.

Lọ́dún tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ dà rú. Wọ́n pín mọ́tò, wọ́n pín tábìlì, wọ́n pín ènìyàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ti jẹ́ ọmọ Èkìtì ní láti kó lọ sí Adó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Ìyá Bísí, eré kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àkúrẹ́ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀. Wọ́n fún òun náà ní lẹ́tà. Òun àti Ìyá Àgbà ti di kòríkòsùn nígbà yẹn; Ìyá Àgbà ló ń rán gbogbo bùbá rẹ̀, òun ló sì ń gúnyán tí Ìyá Àgbà ń jẹ ní ọjọ́ Àìkú.

N kò mọ ohun tó wọ orí ọ̀gá eré yẹn. Ó jókòó, ó kọ eré kan tí Oníkọ́kọ́rọ́ ti máa lé ìyàwó rẹ̀ jáde pé kó máa lọ sí ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kó ju odó rẹ̀ síta, kó ju ọmọ odó tẹ̀ lé e, kó ti ilẹ̀kùn. Kí gbogbo wa wá rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan náà sì ni Ìyá Bísí máa kó lọ ní tòótọ́!

Mo wà níbẹ̀. Ìsinmi ilé ìwé ni, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni mo ń gbé, ó sì mú mi dání. Oníkọ́kọ́rọ́ ju odó. Ìyá Bísí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó yẹ kó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kó mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ẹnikẹ́ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àtíkè ń ṣàn. Ó di ẹrù náà, ó jáde, kò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí òṣèré. Ó gba ẹ̀yìn lọ, ó gun ọ̀kadà lọ ilé. Oníkọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Aṣọ ìnujú lọ sókè.

Bẹ́ǹṣì dákẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí Ìyá Àgbà. Ó ká apá mọ́yà. Ọ̀gá tún ju aṣọ náà, ó ní, "Ẹ rín, ẹ̀yin èèyàn yìí, téèpù ń lọ!" Ìyá Àgbà dìde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ń lé kúrò nílé kọ́ la fi ń rẹ́rìn-ín." A sì jáde.

Ní ọ̀la rẹ̀, ó lọ bá Ìyá Bísí di ẹrù sínú mọ́tò. Wọ́n sunkún, wọ́n dì mọ́ra. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì fún un. Mo bi í lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé èèyàn máa ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé òun ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Sátidé dé. A jókòó. Odó gbá ilẹ̀, ilẹ̀kùn tì, ẹ̀rín sì bú jáde nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rín Ìyá Àgbà ni. Ó wà lórí àga rẹ̀ níwájú mi, ó pa ẹnu dé, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń dún lókè orí ẹkún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti lọ mú un nínú téèpù mìíràn, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n kí ẹ̀rín náà tó parí. Ó ní, "Wọ́n jí mi lẹ́rìn-ín."

Ó lọ bá ọ̀gá náà ní ọjọ́ Ajé pé kí wọ́n sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé òun kò rín. Ọ̀gá ní ẹ̀rín ni ẹ̀rín ń jẹ́, ọjọ́ tí màmá rín in kò ṣe nǹkan kan. Ṣé ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó wọ mọ́tò lọ sí Adó. Ìyá Bísí kò ṣílẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ló ti dá a lóhùn: "Mo fi etí mi gbọ́ ẹ̀rín yín. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pa tẹlifíṣọ̀n, kí ọkàn mi má baà bàjẹ́." Ìyá Àgbà ní, "Mi ò rín." Ìyá Bísí ní, "Urọ́ ni," ó sì fa kọ́tìnnì.

Ìyá Àgbà kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́ láyé. Eré náà kò sì pẹ́ kó tó kú. Ìyá Bísí ti lọ, ẹ̀rín ti lọ, kí ló kù? Nígbà tí mo dàgbà, mo lọ bá àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n náà pé kí wọ́n jẹ́ kí n rí àwọn téèpù náà. Wọ́n ní wọ́n ti gba ìpolongo ìbò àti ìpolówó ọṣẹ lé wọn lórí, nítorí téèpù wọ́n nígbà yẹn. Ọkùnrin tó sọ ọ́ fún mi ń jẹ ẹ̀pà bó ṣe ń sọ ọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀pà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Adó ni Ìyá Àgbà ń rán níṣẹ́ sí Ìyá Bísí. Àwọn kan kò jẹ́ ẹ, àwọn tó jẹ́ ẹ kò rí èsì mú bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, tí kò lè dá jókòó mọ́, mo wá kí i láti Ìlárá-Mọ̀kín níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé ó máa súre fún mi. Ó ní, "Bó o bá rí Ìyá Bísí, sọ fún un pé mi ò rín."

Lọ́jọ́ ìsìnkú, lẹ́yìn tí a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì ti sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé ní Oǹdó, a jókòó lábẹ́ kánópì. Bàbá Dúpẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀rọ nígbà náà dé láti Oda, ó ti darúgbó. Ó ní òun mú ẹ̀bùn wá. Téèpù kan ṣoṣo ló kù láyé nínú Ilé Oníkọ́kọ́rọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun ló wà láti ọjọ́ yìí, ọmọ òun ti bá òun gbé e sínú fláàṣì. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan. Inú mi dùn, mo jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí odó.

Nínú gbogbo téèpù ayé! Mo dìde láti lọ pa á, ṣùgbọ́n àga pọ̀ láàárín èmi àti tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ti rí obìnrin arúgbó kúkúrú kan ní ìjókòó tó kẹ́yìn, tó ti fi ọwọ́ ti orúnkún pé òun fẹ́ dìde máa lọ. Mo mọ̀ ọ́n lójú kan náà. Ó ti gbọ́ ìkéde òkú lórí rédíò, ó sì wá láìsọ fún ẹnì kan. Orúnkún kò tètè gbà fún un. Ilẹ̀kùn tì, ẹ̀rín bú jáde. Bùọ̀dá Pírínsípà, tó fi bírò pupa pa ẹ̀rín yẹn rẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé pé, "Ẹ̀rín ìyá mi nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀rín ìyá mi!" Ẹ̀rín náà rín títí ó fi dé ìparí rẹ̀, ibi tí èmi àti Ìyá Àgbà kò gbọ́ dé rí. Ìrù rẹ̀ sì jáde, Bàbá Dúpẹ́ kò gé e tán: "Ṣí kànga fún wọn, ahun!"

Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Ìyá Bísí nìkan ló dúró gbagidi.

"Kànga kẹ̀?" ó ní. "Kò sí kànga nínú eré yìí. Ẹ dá a padà."

Wọ́n dá a padà. Ó rìn wá síwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó yíjú sí Bàbá Dúpẹ́. Bàbá Dúpẹ́ họ orí, ojú rẹ̀ sì là bí ẹni tó rántí ibi tó gbé awò ojú rẹ̀ sí. Ó ní, "Háà, ó tọ́. Ti ìgbà tí Oníkọ́kọ́rọ́ ti kànga ni. Màmá ò rín tọjọ́ náà, ọ̀gá ló ní kí n wá ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọn." Ó ti gbàgbé! Gbogbo ọdún yìí, ohun tó ba ọjọ́ alẹ́ ìyá mi àgbà jẹ́, ọkùnrin yìí ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Mo ti kó ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Ìyá Bísí láti ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ tó gbóná. Nígbà tó dé iwájú mi, ẹyọ kan ló jáde. Mo ní, "Màmá, Ìyá Àgbà ní kí n sọ fún yín pé òun ò rín."

Ó ní, "Mo ti gbọ́." Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ubo ni wọ́n sin ín sí?"

Mo mú un lọ. Sìmẹ́ńtì náà kò tíì gbẹ. N kò dì í mú, n kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún; inú ṣì ń bí mi. Ó dúró síbẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wo sàréè náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì dúró de ẹ̀rín.